Àwọn Ọdún Tó Yẹ Ní Wíwò ní Trinidad àti Tobago, àti Bí A Ṣe Ń Múra Lọ Síbẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ Trinidad, Carnival ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn: ìyẹ́ ẹyẹ, ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán, orin tó ń dún láti orí ọkọ̀ akẹ́rù. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé Carnival, tó sì palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́rú, ìparí ayẹyẹ náà ló bá pàdé. Ó ti pàdánù ibi tó dùn jù.

Ilẹ̀ kékeré ni. Níbi tí Trinidad ti súnmọ́ Venezuela jù, nǹkan bíi kìlómítà 11 ló wà láàárín wọn, gbogbo àwọn tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà, tí a bá ka Tobago, erékùṣù kejì, mọ́ ọn, kò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Síbẹ̀, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà wà níbẹ̀, àtọmọdọ́mọ àwọn ará Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé sóko ìrèké ní 1845 wà níbẹ̀, àwọn onílẹ̀ tí òyìnbó bá níbẹ̀ ò tíì parẹ́, àwọn tó ń fi èdè Sípéènì kọrin Kérésìmesì sì wà lórí òkè. Kò sí èyí tí kò ní ọdún tirẹ̀ nínú wọn, gbangba ìta ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ibi tí wọ́n ti ń pèsè ọdún ló yẹ kí ẹ máa wá kiri, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé nìkan. Àgbàlá tí wọ́n ti ń kọ́ orin, abúlé tí wọ́n ti ń la ọparun, etíkun tí wọ́n ti ń fi ewúrẹ́ sáré: ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ lẹ sì ti lè bá àwọn ọmọ ìlú sọ̀rọ̀ láìsí pé ariwo bo ohùn yín mọ́lẹ̀.

1. Ẹ mú ọdún tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdún yìí kì í dúró sójú kan. Ọdún Àjíǹde ni Carnival ń tẹ̀ lé: ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣíwájú Ọjọ́rú Eérú ni. Ní 2027, 8 àti 9 oṣù Kejì ni yóò jẹ́. Ní 2028, 28 àti 29 oṣù Kejì. Òṣùpá ni Phagwa, ọdún àwọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ń tẹ̀ lé, inú oṣù Kẹta ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí ni Hosay, ọdún Mùhárámù, ń tẹ̀ lé, nítorí náà lọ́dọọdún ló máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú ti èṣí. Divali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, máa ń wáyé láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá. Àwọn tí ọjọ́ wọn kì í yẹ̀ ni 30 oṣù Kẹta, ọjọ́ òmìnira àwọn ìjọ Spiritual Baptist. 30 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n ń rántí dídé àwọn ará Íńdíà. Àti 1 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ ìtúsílẹ̀ kúrò lóko ẹrú.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni apá yín ká, ẹ yan ọ̀kan nínú méjì. Àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣíwájú Ọjọ́rú Eérú, fún ẹni tó fẹ́ràn orin, tí ara rẹ̀ sì lè gba àìsùn. Ìkejì ni láti nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Keje títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, nígbà tí ẹ lè rí ọdún àṣà Tobago àti ọjọ́ ìtúsílẹ̀ ní Port of Spain, olú ìlú, nínú ìrìn àjò kan náà. Ọmọ Yorùbá tó bá bi mí, ìkejì yìí ni màá kọ́kọ́ rán an lọ. Owó tí yóò ná kéré, èrò ò pọ̀ tó ti Carnival, ohun tí yóò rí á sì bá a nílé.

Ojú ọjọ́ náà ṣe pàtàkì. Láti oṣù Kínní sí oṣù Karùn-ún, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Láti oṣù Kẹfà lọ, òjò lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kó dá láàárín wákàtí kan, kí oòrùn tún yọ. Agboòrùn kékeré ti tó. Òjò kì í dá ọdún dúró níbẹ̀.

2. Ìwé, owó àti ibùsùn

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ nílò físà. Ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Trinidad àti Tobago ni kí ẹ ti béèrè, ẹ má gba ẹnu ọ̀rẹ́. Ẹ tún wo ọ̀nà tí ọkọ̀ òfurufú yín yóò gbà kọjá, torí pé bí ẹ bá máa sọ̀ ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, físà tiwọn náà ń dúró dè yín, kódà bó jẹ́ pé wákàtí méjì péré lẹ máa lò ní pápákọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí àìsàn ibà pọ́njú wà gbọ́dọ̀ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ní ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ẹ tó gbéra, nítorí àsìkò yẹn ni káàdì náà tó di èyí tí wọ́n ń gbà wọlé.

Dọ́là Trinidad àti Tobago ni owó ibẹ̀, TT$ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Nǹkan bíi TT$6.7 sí TT$6.8 ni dọ́là Amẹ́ríkà kan ń gbà. Ilé ìtajà ńlá ń gba káàdì, ṣùgbọ́n awakọ̀, olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì àti eléré ojú pópó, owó tó wà lọ́wọ́ yín ni wọ́n fẹ́. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí kéékèèké.

Ní ti ibùsùn, Woodbrook àti St James ni kí ẹ wá ní Port of Spain. Láti ibẹ̀, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀pọ̀ ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ nígbà Carnival, èyí sì ṣe kókó torí pé wọ́n máa ń dí ọ̀nà pa. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni kí ẹ ti gba yàrá, torí pé owó yàrá ń fò sókè bí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́. Ní àwọn àkókò yòókù, oṣù kan ti tó.

3. Carnival: inú panyard ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Panyard ni wọ́n ń pe àgbàlá tí ẹgbẹ́ onísteelpan, àwọn tó ń fi agbá irin kọrin, ti ń kọ́ orin. Ní àwọn ọdún 1880, ìjọba amúnisìn fi òfin de ìlù. Àwọn èèyàn gbé ọparun, wọ́n ń gbá a mọ́lẹ̀, wọ́n ń lù ú mọ́ra. Nígbà tó yá wọ́n bọ́ sórí agolo, ìdérí àti irin, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1930 sí 1940, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tálákà ní Port of Spain ti ń fi òòlù lu ojú agbá irin títí tí ohùn orin fi ń jáde níbẹ̀. Òfin wá sọ ọ́ di ohun èlò orin orílẹ̀-èdè náà ní 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti ya 11 oṣù Kẹjọ sọ́tọ̀ fún un.

Láti oṣù Kínní títí di ọ̀sẹ̀ Carnival, ọ̀pọ̀ panyard ń ṣí lálaalẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Renegades wà ní Charlotte Street, All Stars ní Duke Street, Phase II Pan Groove ní Woodbrook. Ẹ dé bí aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ máa bá wọn tí wọ́n ń tún ìlà orin kan ṣoṣo ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ wọn ò ka orin láti inú ìwé. Etí àti orí ni wọ́n fi ń gbà á. Ẹni tó to orin náà á dúró níwájú, á da gbogbo wọn dúró, á ní kí àwọn tó ń lu tenor, agbá olóhùn tẹ́ẹ́rẹ́, nìkan tún un gbà, á mi orí, á tún dá wọn dúró. Ẹ kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ àwọn tenor, níbi tí ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń sáré. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn lọ sẹ́yìn, síbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti dúró sáàárín agbá gbọọrọ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ohùn wọn ń mi àyà èèyàn. Láàárín ni àwọn onírin wà: bíréèkì ọkọ̀ tó ti gbó ni wọ́n ń fi ọ̀pá irin lù, àwọn ló sì ń di ìlù gbogbo ẹgbẹ́ mú. Bí etí yín ò bá le, ẹ fi òwú dí i kí ẹ tó súnmọ́ wọn.

Ẹ má fọwọ́ kan agbá ẹnikẹ́ni. Ẹ má dúró sójú ọ̀nà àwọn tó ń gbé ohun èlò kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ ya fídíò, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ ra ohun mímu níbi tí ẹgbẹ́ náà ti ń tà á, torí pé lára owó yẹn ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà.

Ohun tí gbogbo wọn ń múra fún ni Panorama, ìdíje tó ti wà láti 1963. Ẹgbẹ́ ńlá lè ní olórin tó tó 120 lórí ìtàgé, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sì ni wọ́n ní láti fi gbogbo iṣẹ́ oṣù wọ̀nyẹn hàn. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta Carnival ni ẹgbẹ́ ńlá máa ń ṣe àṣekágbá ní Queen's Park Savannah, pápá ńlá tó wà ní Port of Spain. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bí owó bá wà, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó sójú kan. Ní ọ̀nà tó wọ orí ìtàgé, wọ́n ń ti àgbékà tó ní táyà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń lu orin náà fún ìgbà ìkẹyìn kí wọ́n tó gòkè. Ẹ ó dúró tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó máa rí òógùn iwájú orí wọn. Ibẹ̀ dára ju àga lọ.

4. Ọjọ́ márùn-ún tó kẹ́yìn

Ọjọ́ Ẹtì Carnival ni kí ẹ ti ka ọjọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ní Piccadilly Greens ní ìlà oòrùn Port of Spain, wọ́n máa ń ṣe eré ìjà Canboulay ti 1881. Lọ́dún náà, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Baker kó àwọn ọlọ́pàá jáde láti pa iná ògùṣọ̀ tí àwọn èèyàn ń gbé rìn fún Carnival, àwọn èèyàn sì fi ọ̀pá kojú wọn. Ẹ débẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí kí ẹ lè rí ibi jókòó. Ẹni tó bá wo eré yìí, tó sì gbọ́ orin àwọn tó ń fi ọ̀pá jà níbẹ̀, á mọ ìdí tí wọn ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni gba ojú títì mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Àwọn ọmọdé máa ń jó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ má fojú kéré wọn. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Dimanche Gras, níbi tí ọba àti ọbabìnrin àwọn ẹgbẹ́ ti ń gbé aṣọ ràgàjì jáde.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ajé ni J'ouvert, ijó ìdájí tó ń ṣí Carnival ojú títì, ń bẹ̀rẹ̀. Èyí kì í ṣe ti òǹwòran. Ẹ san owó fún ẹgbẹ́ kan, wọ́n á fún yín ní ṣẹ́ẹ̀tì, ohun mímu, àti ohun tí ẹ ó fi kun ara: ẹrẹ̀, ọ̀dà, tàbí kòkó yíyọ́. Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Ẹ fi òróró pa gbogbo ara kí ẹ tó jáde, kí ọ̀dà lè ṣí nígbà ìwẹ̀. Ẹ wọ aṣọ àti bàtà bíbò tí ẹ ti múra tán láti sọ nù. Ẹ fi fóònù àti owó sínú àpò tí omi ò lè wọ̀. Ẹ bá àwọn tí ẹ jọ lọ fẹnu kò síbi tí ẹ ó ti pàdé, torí pé nígbà tí gbogbo ojú bá ti di ẹrẹ̀, ẹ ò ní dá ara yín mọ̀ mọ́. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó yàgò fún ẹgbẹ́ tó ń da ìyẹ̀fun.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé àti gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti àwọn ẹgbẹ́ tó ń wọ aṣọ Carnival jó lójú títì. Láti bí oṣù Keje ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń fi aṣọ tuntun hàn, kíá sì ni èyí tí èèyàn fẹ́ràn jù ń tán. Aṣọ kan lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là Amẹ́ríkà, òmíràn ju 1,000 lọ. Oúnjẹ, ohun mímu, ẹ̀ṣọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká sábà máa ń wà nínú owó náà. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ò nílò rẹ̀. Kó fi owó sórí J'ouvert àti Panorama, kó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ariapita Avenue dára fún ìyẹn, kọ́bọ̀ kò sì jáde lápò rẹ̀. Bó bá tún padà lọ́jọ́ mìíràn, kó wá ra aṣọ.

Èyí tí mi ò ní gbà kí ẹ fò ni àwọn eré ìbílẹ̀. Moko Jumbie ń fi ọ̀pá gíga rìn lókè orí gbogbo èèyàn. Midnight Robber dé fìlà tó fẹ̀ bí agboòrùn, á dá yín dúró, á máa fi ọ̀rọ̀ gígùn halẹ̀ mọ́ yín títí ẹ ó fi fún un lówó. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, lábúlé Paramin lórí òkè, àwọn Blue Devil máa ń kun ara ní búlúù láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á máa ké, wọ́n á máa tutọ́ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Owó kéékèèké tí mo ní kí ẹ ṣẹ́, tiwọn ni. Ẹ má wọ aṣọ funfun lọ síbẹ̀.

5. Phagwa àti ewúrẹ́ Buccoo

Phagwa rọrùn. Ẹ wọ aṣọ funfun tó ti gbó, ẹ lọ sí pápá tí wọ́n ti ń ṣe é, kí wọ́n fi àwọ̀ ya yín lára. Ẹ súnmọ́ àwọn tó ń kọ orin chowtal, torí pé àárín wọn ni adùn rẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ní Buccoo ní Tobago, wọ́n máa ń fi ewúrẹ́ sáré, àṣà tó ti wà láti 1925. Ẹni tó ń darí ewúrẹ́ kì í gùn ún; ẹsẹ̀ ló fi ń sáré lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Bí ẹ bá tètè dé Tobago, ẹ lọ sétíkun ní àárọ̀ kùtùkùtù, ẹ lè bá wọn níbi tí wọ́n ti ń rin ewúrẹ́ lórí iyanrìn, tí wọ́n sì ń mú un lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun kí iṣan rẹ̀ lè le. Wọ́n tún máa ń fi akàn sáré lọ́jọ́ ìdíje. Àwọn ọmọdé ló fẹ́ràn ìyẹn jù.

6. Hosay: níbi tí a ti ń dúró kí wọ́n pè wá

Ọdún Mùhárámù ni Hosay, ìrántí ikú Hussein ọmọ ọmọ Ànábì ní Kàrìbálà. Ní St James ní Port of Spain àti ní Cedros ní gúúsù ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní 2026 àti 2027, oṣù Kẹfà ló bọ́ sí. Àwọn ìdílé kan ló ń kọ́ tadjah, ilé gíga tí wọ́n fi igi, ọparun àti bébà alárànbarà ṣe ní àwòrán ibojì Hussein. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n ń lò lórí rẹ̀, wọ́n á gbààwẹ̀, wọn kì í fẹnu kan ẹran àti ọtí. Níhìn-ín, ìmọ̀ràn mi láti máa lọ síbi ìpèsè ní ààlà: wọ́n máa ń fi tadjah pa mọ́ títí di alẹ́ tí yóò jáde. Ẹ má yọjú wọ àgbàlá láìjẹ́ pé wọ́n pè yín.

Ohun tí ẹ lè wò dáadáa ni àwọn onílù tassa. Awọ ewúrẹ́ ni ojú ìlù wọn, bó bá sì ti dẹ̀, wọ́n á dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á yí ojú ìlù náà sí i, wọ́n á máa fi ọmọ ìka tọ́ ọ wò títí ohùn yóò fi le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e kọ́rùn padà. Ní alẹ́ ńlá, àwọn àwòrán òṣùpá ńlá méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ń jáde lórí èjìká àwọn ọkùnrin tó ń yí wọn bírí, ìgbà tí méjèèjì bá sì fi orí kan ara wọn ni gbogbo ìta máa ń dákẹ́ wò. Ọ̀fọ̀ ni, kì í ṣe Carnival. Ẹ wọ aṣọ tó bo ara, ẹ má gbé ọtí dání. Ní 30 oṣù Kẹwàá 1884, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn tó ń wọ́ tẹ̀ lé Hosay ní San Fernando, èèyàn sì kú. Àwọn ará ibẹ̀ ò gbàgbé.

7. Oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ: Tobago, ọjọ́ ìtúsílẹ̀, àti ilé àwọn òrìṣà

Láti 1987 ni ọdún àṣà Tobago ti wà, láàárín oṣù Keje títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ. Abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń fi hàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbéyàwó àtijọ́ ti Moriah: ọkọ nínú aṣọ gígùn pẹ̀lú fìlà gíga, ìyàwó nínú funfun, gbogbo àwọn àlejò ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ijó ẹlẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fáyólìn àti ìlù tambrin ń tẹ̀ lé wọn. Eré ni, àmọ́ gbogbo abúlé ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ láti Port of Spain sí Scarborough, ó ń gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ọkọ̀ òfurufú kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì máa ń tètè tán ní ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí náà ẹ ra ti àlọ àti àbọ̀ pọ̀.

Ẹ padà sí Port of Spain ó pẹ́ tán lọ́jọ́ 31 oṣù Keje. Trinidad àti Tobago ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tó sọ ọjọ́ ìtúsílẹ̀ kúrò lóko ẹrú di ọjọ́ ìsinmi gbogbo ìlú, ní 1985. Lówùúrọ̀ 1 oṣù Kẹjọ, àwọn èèyàn á wọ́ tìlù-tìlù gba àárín ìlú lọ sí Savannah, níbi tí wọ́n ti pàgọ́ abúlé ọdún láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ lọ sí abúlé náà kí ọjọ́ tó pé, nígbà tí àwọn olówò àti àwọn onílù ṣì ráyè. Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ wọ bùbá àti ṣòkòtò tó fúyẹ́, tàbí ìró àti gèlè àǹkárá. Agbádá aṣọ òkè dára lójú, àmọ́ oòrùn oṣù Kẹjọ kò ní ṣàánú yín.

Ọ̀rọ̀ àwọn òrìṣà wá kàn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá dé Trinidad ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn mìíràn nínú wọn kì í sì í ṣe ẹrú mọ́ nígbà tí wọ́n dé: ọkọ̀ ojú omi òyìnbó ló gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú lójú òkun, kí wọ́n tó kó wọn wá ṣiṣẹ́ oko. Ògún, Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Ọya wà níbẹ̀ títí dòní. Wọ́n fi ẹ̀sìn náà pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ òyìnbó. Ní 1988, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwádé lọ kí wọn, ní 1999 sì ni ìjọba ṣe òfin tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀sẹ̀ ọdún tirẹ̀, tí wọ́n máa ń fi ìlù àti orin lédè Yorùbá ṣe lóru mọ́jú nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní palais.

Èyí kì í ṣe eré fún àlejò, nítorí náà, bí ẹ ṣe lè débẹ̀ rèé. Ẹ wá ẹni tó mọ ilé kan, bóyá láàárín àwọn tí ẹ bá pàdé ní abúlé ọdún ní Savannah. Ẹ jẹ́ kó bá yín béèrè lọ́wọ́ ìyá tàbí bàbá tó ni ilé náà. Ẹ béèrè àwọn èèwọ̀ ilé kí ẹ tó wọlé: irú aṣọ, irú àwọ̀, bóyá kí ẹ bọ́ bàtà. Obìnrin á wé orí. Àbẹ́là, òdòdó tàbí ìgò òróró ólífì jẹ́ ẹ̀bùn tó bójú mu. Fóònù á wà lápò. Ohun kan sì wà tó kan àwa tí à ń sọ èdè náà: bí ẹ bá gbọ́ orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe àtúnṣe fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbè é bí wọ́n ṣe dá a. Ẹnu àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti gbà á, lábẹ́ òfin tí kò fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ rárá.

8. Divali àti parang

Fún Divali, abúlé Felicity nítòsí Chaguanas ni kí ẹ lọ. Ẹ dé níbi aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ ó bá wọn tí wọ́n ń la ọparun, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ lójú títì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á to deya, àwo amọ̀ kékeré, sórí ọparun náà, wọ́n á bu òróró àgbọn sí i, wọ́n á ti òwú bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá béèrè, wọ́n á fún yín ní iná kí ẹ bá wọn tàn án. Fún nǹkan bí alẹ́ mẹ́sàn-án ṣáájú, Divali Nagar ń lọ ní Chaguanas. Láti 1986 ló ti wà. Kò sí ẹran, kò sí ọtí níbẹ̀.

Parang ni orin Kérésìmesì èdè Sípéènì, pẹ̀lú gìtá kékeré tí wọ́n ń pè ní cuatro àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ọlọ́wọ́. Paramin àti Lopinot ni ilé rẹ̀. Orí ìtàgé ni àlejò sábà máa ń rí i, ṣùgbọ́n ojúlówó rẹ̀ ni ti ilé dé ilé: wọ́n á kọrin níta títí onílé yóò fi ṣílẹ̀kùn, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á kọrin ìdágbére, wọ́n á kọjá sílé kejì. Ẹni tó bá dé sílé àwọn ará abúlé dípò òtẹ́ẹ̀lì ló máa ń bá wọn rìn.

9. Ìrìn àti òfin

Maxi-taxi ni ọkọ̀ èrò. Ìlà ara rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ń lọ: yẹ́lò fún ìwọ̀ oòrùn Port of Spain, pupa fún ìlà oòrùn, àwọ̀ ewé fún ọ̀nà San Fernando. City Gate ni ibùdókọ̀ ńlá. Nọ́ńbà táksí tí ìjọba mọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà H. Ẹ má wọ èyí tí kò ní in. Lóru, ẹ pe ọkọ̀ láti ilé tí ẹ dé sí, kí ẹ má sì dá nìkan rìn ní àdúgbò tí ẹ ò mọ̀, torí pé ìwà ọ̀daràn wà ní Port of Spain. Kí ẹ tó lọ sí panyard tó jìnnà, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé yín bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ má kó aṣọ aláwọ̀ ológun lọ, ìbáà jẹ́ ti ọmọdé tàbí àpò ẹ̀yìn lásán. Òfin kọ̀ ọ́, àwọn aṣọ́bodè sì lè gbà á lọ́wọ́ yín.

Ní ti àbọ̀ Carnival, ẹ má fi ọkọ̀ òfurufú yín sí Ọjọ́rú Eérú. Ọjọ́ yẹn, etíkun Maracas ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gba lọ láti sinmi, láti jẹ búrẹ́dì díndín pẹ̀lú ẹja shark, pápákọ̀ Piarco náà á sì kún bámúbámú. Ẹ fi sí ọjọ́ Ẹtì.